Bí a ṣe ń fi ìdin ṣe aago òkú ní ooru Àkúrẹ́

Bí ẹ bá ti ra ẹja gbígbẹ ní Ọjà Ọba rí, tí ẹ gbọ̀n ọ́n sórí ìwé ìròyìn nílé, ẹ ti pàdé ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Kòkòrò dúdú kékeré ẹlẹ́yìn líle yẹn, tí ọmọ rẹ̀ nírun lára, tó ń sọ pańla di eruku, Dermestes maculatus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Òun kọ́ ló ń kọ́kọ́ dé ìdí òkú. Ó di ìgbà tí ẹran bá ti gbẹ mọ́ eegun, tí àwọn tó fẹ́ràn omi ara ti jẹ tiwọn tán, kó tó jókòó ti tirẹ̀. Tí a bá wá bá a lára òkú ẹran nínú igbó, a ti mọ̀ pé ẹran náà kò kú lánàá. Gbogbo ìmọ̀ yìí, fífi kòkòrò wádìí ìgbà tí òkú ti wà nílẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ta ló ti dé, báwo ló ṣe dàgbà tó, ooru ibẹ̀ sì ńkọ́?

Ẹlẹ́dẹ̀ la fi ń kọ́ ọ. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ bàólójì, fún ọlọ́pàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀ka ìwádìí, àti fún òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀daràn tó máa ń kọ ọ́ pé dókítà wo ojú òkú, ó ní aago mẹ́jọ alẹ́ ló kú. Kò sí dókítà tó lè wò ó bẹ́ẹ̀.

Òkú èèyàn kì í ṣe ohun ìdánrawò o. Bí ẹ bá ṣàdédé kan òkú lóko tàbí lẹ́bàá Odò Àlà, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fi aṣọ bò ó, ẹ má sì fọ́n oògùn eṣinṣin sí i nítorí òórùn. Ẹ wo aago, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ pe 112 tàbí àgọ́ ọlọ́pàá tó wà nítòsí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rí ni àánú ti bà jẹ́.

Ohun tí mo máa ń sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyí: ìdin kì í sọ ìgbà tí òkú kú. Ìgbà tí eṣinṣin yé ẹyin lé e lórí ló ń sọ. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì lè jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì lè jẹ́ odindi ọjọ́ méjì. Kíka ìdin rọrùn. Àlàfo yẹn ni iṣẹ́.

Ọgbọ́n náà ti pẹ́ láyé. Ní 1247, Song Ci, adájọ́ kan ní ilẹ̀ Ṣáínà, kọ nípa ẹnì kan tí wọ́n fi dòjé ṣá pa lábúlé. Olùwádìí ní kí gbogbo ará abúlé kó dòjé wọn wá sílẹ̀ nínú oòrùn. Ojú kò rí ẹ̀jẹ̀ lára èyíkéyìí, ṣùgbọ́n eṣinṣin lọ bà lé ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹni tó ni dòjé náà jẹ́wọ́. Ní 1668 ni Francesco Redi ní Ítálì wá fi aṣọ bo ẹnu ìgò ẹran, tó sì fi hàn pé ẹran kì í dá ìdin fúnra rẹ̀, àfi kí eṣinṣin kọ́kọ́ bà lé e.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹran, ilẹ̀, àti àwọn aládùúgbò

Ẹlẹ́dẹ̀ tó wọn kìlógíráàmù 20 sí 25 ló dára jù. Awọ rẹ̀ àti ìfun rẹ̀ súnmọ́ ti èèyàn, irun rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí ẹlẹ́dẹ̀ bá jẹ́ èèwọ̀ fún yín, ẹ lo ewúrẹ́, kí ẹ ṣáà mọ̀ pé irun rẹ̀ á máa fi ẹyin pamọ́ fún yín. Adìyẹ kéré jù, ìdin á jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó rí nǹkan kan kọ́.

Kí ẹni tó pa ẹran náà kọ aago tó kú gan-an sínú ìwé, kó lẹ̀ ẹ́ pa, kó fi pamọ́. Ẹ̀yin ò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ti mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ á máa rí ohun tó bá a mu.

Ẹ gbé ẹran sílẹ̀ lásán, níbi tí òjìji àti oòrùn ti ń pín ọjọ́, tó jìnnà sí ilé àti kànga. Ẹ fi àwọ̀n irin bò ó, kí ẹ fi òkúta ńláńlá tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, torí ajá àti igún kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìwádìí. Ojú àwọ̀n náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó kí eṣinṣin rọ́nà wọlé.

Ìyókù ìgbésẹ̀ yìí kò sí nínú ìwé òyìnbó. Ẹ lọ kí baálẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí a ṣe é, lóko kan lójú ọ̀nà Ìlárá-Mọ̀kín, a kàn gbé ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀ ni, a ta okùn pupa yí i ká, a to àwọn ìgò kéékèèké sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá àgbà kan tó ń ti oko bọ̀ dúró.

«Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ ń fi èyí bẹ̀?»

Mo dọ̀bálẹ̀. «Màmá, ẹ kú oko o. Ẹ̀kọ́ la ń fi kọ́.»

«Ẹ̀kọ́ wo ló ń rùn báyìí?»

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà ti dé láti ààfin baálẹ̀, wọn ò sì wá bí ẹni tó fẹ́ kọ́ bàólójì. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ lọ, a sì máa ń kọ ọ́ sára pátákó gàdàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n pé kì í ṣe ẹbọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wọn ooru kí ẹ tó wo nǹkan mìíràn

Ìdin kò ní iná lára tirẹ̀. Ooru ibi tó wà ló ń mú un dàgbà: bí ibẹ̀ bá gbóná, á yára, bí ó bá tutù, á fà. Ìdí nìyẹn tí àtẹ ọjọ́ orí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ tútù kò fi wúlò níhìn-ín bó ṣe wà. Ní Àkúrẹ́, ooru ọdọọdún wa tí a bá pín in dọ́gba kò jìnnà sí digirí 26 tàbí 27. Ọ̀sán oṣù Kẹta lè kọjá 33. Òru ọyẹ́ lè wálẹ̀ kọjá 20. Láàárín ọ̀sán kan àti òru kan ṣoṣo, aago ìdin ti yí ìyára padà.

Ẹ so tẹ̀mómítà kan mọ́ igi níbi òjìji, bíi mítà kan sókè ilẹ̀, nítòsí ẹran náà. Ẹ ti òmíràn bọ ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìdin bá ti pọ̀, ẹ ti ẹ̀kẹta bọ àárín agbo wọn. Ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ á yà yín lẹ́nu: ìdin tó bá kóra jọ máa ń gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ dáadáa, mo sì ti ka 45 rí ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kò ju 30 lọ.

Bí ẹ bá lówó ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ooru fúnra rẹ̀ ní wákàtí wákàtí, ẹ rà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ka tẹ̀mómítà lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Lẹ́nu iṣẹ́ gidi, òkú ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí olùwádìí tó dé, nítorí náà kò lè padà lọ wọn ooru àná. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi ẹ̀rọ sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé òkú lọ, wọ́n á fi ohun tó kà wé àkọsílẹ̀ ibùdó ojú ọjọ́ tó súnmọ́ ibẹ̀ jù, wọ́n á wá fi ìyàtọ̀ méjèèjì tún àkọsílẹ̀ ọjọ́ tó ti kọjá ṣe. Ẹ má ṣe gbé àkọsílẹ̀ pápákọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́ kí ẹ fi ṣírò òkú tí wọ́n rí lórí òkè Ìdànrè. Òkè tutù ju ìsàlẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ máa wò, ẹ máa kọ

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ara òkú fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀ sí apá tó kan ilẹ̀, awọ ibẹ̀ á dúdú bíi ojú ìfarapa. Lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá, bí a bá yí òkú náà padà, àmì yẹn kì í kúrò níbi tó wà mọ́. Bí a bá wá bá àmì náà ní ẹ̀yìn ẹni tó dojú bolẹ̀, ẹnì kan ti yí i. Ara á gan láàárín wákàtí mélòó kan, á sì tún dẹ̀ lẹ́yìn bíi ọjọ́ kan sí kan ààbọ̀. Ooru máa ń mú gbogbo rẹ̀ yá. Ní ti títutù ara, ìwé á sọ fún yín pé bíi digirí kan ni òkú ń pàdánù ní wákàtí kan. Ní ilẹ̀ tútù nìyẹn. Nínú yàrá onípáànù ní ọ̀sán oṣù Kẹta, kí ni òkú fẹ́ tutù lọ sí?

Láti bíi ọjọ́ kẹta lọ, àwọn àmì yẹn ti parí ọ̀rọ̀. Kòkòrò ló kù.

Eṣinṣin tí ẹ ó kọ́kọ́ rí kì í ṣe ti inú ilé ìdáná. Eṣinṣin ńlá ni, aláwọ̀ ewé tàbí búlúù, tó ń dán bíi ìgò, ojú rẹ̀ pupa. Chrysomya lorúkọ ẹ̀yà tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn níhìn-ín. Bí ojúmọ́ bá ti mọ́, tí òjò kò sì rọ̀, ó lè dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn àgbà ní eṣinṣin ò mọ ikú, jíjẹ ni tirẹ̀. Ẹyin funfun bíi ìrẹsì wẹ́wẹ́ ló ń kó jọ sí ojú, imú, ẹnu, etí, àti ojú egbò. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i sílẹ̀. Bí ìdin bá pọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ òkú èèyàn, níbi tí eṣinṣin kì í sábà yé sí, ó ṣeé ṣe kí ẹni náà ti fi ọwọ́ gba ọ̀bẹ.

Òmíràn wà, eṣinṣin eléérú tó ní ìlà dúdú lẹ́yìn. Sarcophaga nìyẹn. Kì í yé ẹyin, ààyè ìdin ló ń bí. Ẹni tó bá lọ fi wákàtí ẹyin kún ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀ ti ṣìṣe.

Nínú ooru wa, ẹlẹ́dẹ̀ tó tóbi bí mo ṣe sọ máa ń wú láàárín ọjọ́ kìn-ín-ní sí ìkẹta. Apá ìsàlẹ̀ ikùn ló ń kọ́kọ́ yí padà di aláwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà awọ á bẹ́, afẹ́fẹ́ á jáde, ìdin á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ ó sì gbọ́ ìró jíjẹ wọn bí òjò wẹ́wẹ́ lórí ewé. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé dáadáa, ọ̀pọ̀ ẹran ti tán. Awọ gbígbẹ, irun àti eegun ló máa kù fún kòkòrò ẹja gbígbẹ. Ẹ má há àwọn ọjọ́ wọ̀nyí sórí, torí òjò kan ṣoṣo lè yí wọn padà.

Ìgbésẹ̀ 4: Kíkó ìdin

Ìbọ̀wọ́, ìbòmú, bàtà òjò. Ẹ fi ẹ̀mú ẹlẹ́nu rírọ̀ mú ìdin, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tó kéré jù gbá ẹyin.

Àwọn tó tóbi jù ni kí ẹ wá, torí àwọn ló ṣáájú dé. Ẹ kó láti ibi púpọ̀ lára òkú, igò ibìkan lọ́tọ̀, ti ibòmíràn lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ kúnlẹ̀, ẹ gbẹ́ ilẹ̀. Ìdin tó bá ti yó máa ń fi òkú sílẹ̀, á rìn lọ wá ibi gbígbẹ tó máa rì sí, ó sì lè rìn tó mítà mélòó kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kó gbogbo èyí tó wà lára òkú tán, tí wọn ò bojú wo abẹ́ ewé gbígbẹ, níbẹ̀ sì rèé, àgbà wọn ló sùn síbẹ̀.

Ẹ pín ohun tí ẹ kó sí méjì. Ẹ da ìlàjì sínú omi gbígbóná, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó tí ẹ gbé kúrò lórí iná, fún bíi ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí ẹ tó kó o sínú sípíríìtì. Ẹ má fo omi gbígbóná yìí. Ìdin tí wọ́n jù láàyè sínú sípíríìtì máa ń sunkì, á dúdú, nígbà tí ẹ bá sì wọn gígùn rẹ̀, ẹ ó rò pé ó kéré ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Sípíríìtì náà gbọ́dọ̀ tó 70 sí 80 nínú 100. Ẹnì kan lo ògógóró rí lójú mi láti fi dín owó kù. Kò lágbára tó, ìdin jẹrà nínú rẹ̀.

Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ orúkọ ibi, ọjọ́ àti aago, kí ẹ ju ìwé náà sínú ìgò. Èmi fi bírò kọ tèmi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, sípíríìtì ti fọ gbogbo rẹ̀ nù, ìgò mọ́kànlá wà níwájú mi láìsí orúkọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Títọ́ ìlàjì kejì

Ìdin jọ ara wọn ju ìbejì lọ. Eṣinṣin tó bá ti yọ ìyẹ́ ló rọrùn láti mọ̀. Ẹ ra ẹ̀dọ̀ màlúù lọ́wọ́ alápatà, ẹ gbé e sórí yanrìn tó tutù díẹ̀ nínú ike, ẹ kó ìdin lé e, ẹ fi aṣọ fífẹ́lẹ́ dí ẹnu ike náà gbọn-in. Ẹ kọ ooru yàrá náà àti ìgbà tí ìyípadà kọ̀ọ̀kan wáyé.

Nígbà tó bá yá, ìdin á wọ inú yanrìn, á sunkì, awọ ara rẹ̀ á le di èèpo bíi kóró ìrẹsì tí a kò tíì bó. Ìpele yìí ni òyìnbó ń pè ní pupa. Ó sì ń pupa lóòótọ́: funfun ló kọ́kọ́ ń jẹ́, láàárín ọjọ́ kan á ti pupa rẹ́súrẹ́sú, á wá dúdú bíi àdá tó dípẹtà. Bí ẹ bá rí èèpo òfìfo tí orí rẹ̀ ti ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, eṣinṣin kan ti parí ìgbà èwe rẹ̀ níbẹ̀, ó ti fò lọ. Ní nǹkan bíi digirí 28, Chrysomya megacephala kì í ju bíi ọjọ́ mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá lọ láti ẹyin dé ìyẹ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Kíka ọjọ́ orí

Ẹ gbé ìdin tó wà nínú sípíríìtì sábẹ́ gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi, ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè. Ẹ ó rí àmì dúdú méjì bíi ojú tó ń wò yín. Ọdọọdún ni akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń bú sẹ́rìn-ín pé ìdin ń wo òun. Ojú kọ́, ihò ìmí rẹ̀ ni, ó fi í sẹ́yìn kó lè máa mí nígbà tí orí rẹ̀ bá rì sínú oúnjẹ. Ẹ ka ìlà tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ méjì, ó wà ní ìpele kejì. Mẹ́ta, ìpele kẹta, ìyẹn èyí tó kẹ́yìn. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin kéré débi pé ẹ ò ní rí ìlà tó ya ara wọn.

Ẹ wo inú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí àpò dúdú inú ara rẹ̀ bá kún, ó ṣì ń jẹun. Bí ó bá ti ń ṣófo, ó ti ń múra àtilọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìṣírò

Ìdin nílò iye ooru kan pàtó kó tó dé ìpele kan, bí ẹni tó ń san owó díẹ̀díẹ̀. Ooru tó bá lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ kì í ka owó fún un rárá. Oríṣi eṣinṣin kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Màá lo digirí 10 kí ó lè yé wa.

Ká ní nínú ike yín, ní digirí 28, ó gba wákàtí 60 láti ẹyin dé ìbẹ̀rẹ̀ ìpele kẹta. Ẹ yọ 10 kúrò nínú 28, ó ku 18. 18 lọ́nà 60 jẹ́ 1,080. Owó tí ìdin yìí ń san nìyẹn. Ká tún ní ibi tí ẹran wà ti tutù jù, digirí 24 ni, bíi ìgbà òjò lábẹ́ igi kòkó. Ẹ yọ 10, ó ku 14. Ẹ fi 14 pín 1,080, ó jẹ́ wákàtí 77.

Bí ẹ bá kó ìdin yìí ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wákàtí 77 sẹ́yìn jẹ́ aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó bá fi ooru yàrá rẹ̀ ṣírò yóò pe 60, yóò sì bá ara rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan náà. Bí afurasí bá ti wọ mọ́tò Èkó lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìṣírò kan á tú u sílẹ̀, ìkejì ò ní tú u sílẹ̀. Ẹ tún wò ó: aago márùn-ún ìdájí ṣókùnkùn, eṣinṣin kì í sábà yé nínú òkùnkùn. Yálà kí wọ́n ti yé e ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, tàbí lẹ́yìn tí ilẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Lẹ́nu iṣẹ́ gidi, ooru wákàtí kọ̀ọ̀kan ni a ń yọ padà sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan títí owó náà á fi tán. Kọ̀ǹpútà ń ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbésẹ̀ 8: Àwọn tó ń purọ́ fún yín

Ibí ni kí ẹ ti jókòó pẹ́ jù.

Òru àti òjò ń dá eṣinṣin dúró. Ilẹ̀kùn títì, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, àpò Ghana-must-go tí wọ́n so lẹ́nu, ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ bò ó, omi tó bò ó mọ́lẹ̀, gbogbo wọn ló ń fẹ àlàfo náà. Ẹni tó mu oògùn kòkòrò kú lè wà nílẹ̀ tí eṣinṣin ò fi bẹ́ẹ̀ súnmọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀. Kokéènì ní tirẹ̀ máa ń mú kí ìdin tó bá jẹ ẹ́ nínú ẹran yára dàgbà. Òkú tí wọ́n ti gbé sí mọ́ṣúárì, ooru inú fìríìsà ni ìdin rẹ̀ ti ń gbé láti ìgbà náà, kí ẹ béèrè aago tí wọ́n gbé e wọlé.

Ìjàlọ sì wà. Wọ́n lè kó gbogbo ẹyin ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ láàárín òru kan, kí ẹyin ọjọ́ kejì wá dà bí àkọ́kọ́. Bí ẹ bá rí ipa wọn, ẹ kọ ọ́.

Chrysomya albiceps ni mo bẹ̀rù jù. Ìdin rẹ̀ ní ẹ̀gún rírọ̀ yí ara ká, ó máa ń dé lẹ́yìn àwọn yòókù, nígbà tó bá sì dàgbà díẹ̀, ìdin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ. Ó lè jẹ àwọn tó kọ́kọ́ dé tán pátápátá. Bí ìdin ẹlẹ́gùn-ún nìkan ló kù lára òkú, ẹ rántí pé ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ lè ti wà nínú ikùn rẹ̀.

Ó ku ti ẹni tó ní egbò tó ti ń jẹrà kó tó kú. Ìdin lè ti wà nínú egbò náà nígbà tó ṣì ń mí. Níbí, ìdin dàgbà ju ikú fúnra rẹ̀ lọ.

Kíkọ èsì

Ẹ má kọ aago kan. Ẹ kọ ọ́ pé, ní ìwọ̀n ohun tí a kó àti ooru tí a wọn, ẹran yìí kò kéré sí iye ọjọ́ báyìí nílẹ̀, láti àkókò báyìí sí àkókò báyìí, kí ẹ wá to gbogbo ohun tó lè ti fa àlàfo sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó já ìwé tí ẹni tó pa ẹran lẹ̀ pa.

Nígbà tiwa lójú ọ̀nà Ìlárá-Mọ̀kín, èsì wa ni pé ẹyin àkọ́kọ́ wọlé láàárín aago méje sí mọ́kànlá àárọ̀. Inú wa dùn. A já ìwé, ẹni tó pa ẹlẹ́dẹ̀ kọ ọ́ pé aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni òun pa á. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ fa ìṣírò ya. Mo ní kó fi sílẹ̀, kó kàn kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé: ilẹ̀ ti ṣú.